Èmi Ni Mo Wà Nínú Ọ̀gán

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Atlanta níbí, wọ́n ní kí àwa àgbà kọ ìtàn iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ó yàn. Mo ti ka ti àwọn tó ṣáájú mi. Nọ́ọ̀sì kọ tirẹ̀, akáńtáǹtì kọ tirẹ̀, ẹni tó ń ta ilé ní Snellville náà kọ tirẹ̀, ó sì lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó wá kan èmi. Fọlákẹ́ ọmọ mi, tí ẹ̀yin ń pè ní Aunty Fọlákẹ́, wá dúró tì mí nídìí tábìlì.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ security tí ẹ ṣe ní Norcross ni kí ẹ kọ. Ẹ má fi gbogbo ojú ewé sọ ti Ọ̀gán yẹn. Please."

Mo ní mo ti gbọ́. Gbígbọ́ ni mo gbọ́, n kò sọ pé mo gbà. Ti Ọ̀gán ni màá kọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kà á, kó padà sí ojú ewé ẹni tó ń ta ilé, fọ́tò wà níbẹ̀.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni. Nítorí Ọ̀gán yìí ni wọ́n ṣe gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi. Nítorí rẹ̀ ni ọmọ mi ṣe gba appointment fún mi lọ́dọ̀ dókítà tó ń yẹ orí arúgbó wò, kó lè sọ bóyá tèmi ṣì pé. Bó bá ní kò pé, ibì kan wà ní Austell tí wọ́n ń kó wa lọ, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àgbàlagbà bó bá jẹun tán. Mo ti bá wọn débẹ̀ lọ wò ó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi nítorí pé mo jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Tíṣà lé mi kúrò ní kíláàsì ní Ìbàdàn nítorí pé mo máa ń sín in jẹ. Bó bá wúkọ́, mo wúkọ́. Bó bá fa sòkòtò rẹ̀ sókè, mo fa tèmi. Òun ló kọ́kọ́ fi iṣẹ́ mi hàn mí, àwa méjèèjì ni a kò mọ̀. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London, mo rí iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ya eré tẹlifíṣọ̀n. Owó rẹ̀ kò yẹ ní sísọ, ẹ jẹ́ kí a fò ó.

Eré kan wà nígbà náà tí gbogbo ìdílé òyìnbó máa ń jókòó wò nírọ̀lẹ́ Sátidé. Eré àwọn èèyàn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú rìn láti ayé kan dé ayé mìíràn ni, tí wọ́n ń bá oríṣiríṣi abàmì pàdé lójú ọ̀nà. Dúdú òun funfun ni àwòrán rẹ̀. Èmi kò tíì wò ó rí. Lọ́jọ́ kan mo ń gbá yàrá ńlá kan, ni mo bá rí òkìtì ọ̀gán láàrin ilé. Ọ̀gán gidi, bí èyí tó wà lẹ́yìn oko bàbá mi, ó ga ju èèyàn lọ, ó ní ihò kan ṣoṣo lókè.

Mo pariwo pé, "Yéè! Ikán ti dé London!" Mo gbé ìgbálẹ̀ sókè, mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ọ̀gán náà.

Ọ̀gán bá figbe ta. Ó sá, mo lé e. A yí yàrá náà po títí ó fi ṣubú, ni òyìnbó kan bá yọ jáde nínú rẹ̀ tí òógùn bò ó bí ẹni tó bọ́ sódò. Ó ní òun kò ṣe mọ́, pé ooru inú rẹ̀ nìkan ti fẹ́ pa òun, ká má tíì sọ ti ìgbálẹ̀. Ó gbé kóòtù rẹ̀, ó lọ.

Ẹni tó ṣe Ọ̀gán náà ti yọ sí wa. Èmi ń pè é ní Ọ̀gá Gíláàsì, nítorí pé gíláàsì méjì ló máa ń lò, ọ̀kan lójú, ọ̀kan níwájú orí. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ, ṣé ooru máa ń mú ọ?"

"Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi, sà."

Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin tó rò pé ọjọ́ kejì ni mo wọ inú Ọ̀gán, ẹ kò mọ ọ̀gá mi. Ó ní n kò lè wọ ohun tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Òun ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo abàmì inú eré náà: rọ́bà, wáyà, gọ́ọ̀mù tí a sè lórí iná, àti ìyẹ̀fun pákó tí mo máa ń kù bí ẹni ń ku èlùbọ́. Bí mo bá lẹ apá kan tó wọ́, kò ní sọ̀rọ̀. Á kàn fà á ya, títí kan apá tó gún, á ní kí n lọ se gọ́ọ̀mù mìíràn.

Nígbà tó wá gbà kí n wọ̀ ọ́, ó gbé ife tíì lé mi lọ́wọ́ nínú ibẹ̀, ó ní kí n rìn láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé. Bí tíì bá dà, mo padà sẹ́nu ọ̀nà. "Èèyàn ló ń ju apá," ó máa ń wí. "Ọ̀gán kì í ju apá."

Ṣùgbọ́n èyí tó le jù kì í ṣe ìrìn. Ọ̀gá Gíláàsì máa ń yọ́ wá sẹ́yìn mi, á kan èèpo Ọ̀gán kó-kó-kó.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi ni, sà!"

"Bọ́ ọ. Tún un wọ̀."

Á dúró díẹ̀, á tún kàn án. "Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi ni, sà!"

"Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀! Ọ̀gán ló wà níbẹ̀! Bọ́ ọ!"

Ẹ gbà mí. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa, kí àgbà pè é kó má jẹ́? Ìyá mi ìbá ti fọ́ mi létí. Bí wọ́n bá pè mí láti òkèèrè, kí n tó mọ̀ pé èmi ni, ẹnu mi á ti dáhùn. Ó pẹ́ kí n tó lè gbé ẹnu mi dákẹ́. Nígbà tí mo sì mọ̀ ọ́n tán, ẹ lè fi òòlù lu èèpo náà kí ẹ máa pe orúkọ mi pẹ̀lú ti bàbá mi, ẹ kò ní gbọ́ pìnpìn.

Lọ́jọ́ kan búrẹ́dì tán, mo gbé Ọ̀gán wọ̀ lọ ra òmíràn ní òpópónà. Ọlọ́pàá kan ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀. Ó rí mi, ó sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó gun òpó iná. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Agogo kẹ̀kẹ́ náà wà nínú garage Fọlákẹ́ títí di òní, ẹ wá lù ú.

Nígbà yẹn Ọ̀gán kò tíì máa sọ̀rọ̀. Apárí ni olùdarí eré wa, orí rẹ̀ ń dán débi pé àwọn oníkámẹ́rà máa ń bẹ̀ ẹ́ kó dé fìlà. Ó fẹ́ kí Ọ̀gán ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Òṣèré kan gbó bí ajá, òmíràn fi omi yọ ọ̀fun, kò wù ú. Èmi sì ti wà nínú Ọ̀gán láti òwúrọ̀, kò sí ẹni tó rántí pé àkókò tíì ti kọjá. Mo kùn sínú, mo rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́:

"Apárí, gbé tíì mi wá!"

Gbogbo èèyàn yíjú sí Ọ̀gán.

Apárí dìde. "Kí nìyẹn? Ẹ̀rù bà mí! Tún un sọ!"

"Apárí! Gbé tíì mi wá!"

Ó pàtẹ́wọ́. Wọ́n gba ohùn mi sínú ẹ̀rọ kan tó sọ ọ́ di ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, gbogbo ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà di ọgbọọgba. Ìyẹn di igbe ogun Ọ̀gán. Àwọn ọmọ òyìnbó ń fi lé ara wọn kiri ní ilé ìwé. Mo bú ọkùnrin yẹn lójú gbogbo ìlú rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé tíì náà wá.

Ìyàwó mi ti padà sílé ní Ìbàdàn lọ bímọ. Tẹligíráàmù dé pé obìnrin ni. Mo lọ bá Apárí pé ọjọ́ kẹjọ ń bọ̀, bàbá ló yẹ kó sọ ọmọ lórúkọ, kó jẹ́ kí n lọ. Ó ní ọjọ́ náà gan-an ni a ó ya ikú Ọ̀gán, kí n wá ẹlòmíràn tí yóò bá mi sọ ọmọ lórúkọ.

Mo ní ó dára. Mo ti mọ ibi tí màá ti sọ ọ́.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n fi pákó àti iyẹ̀pẹ̀ ṣe òkè kan, èéfín ń rú. Ọ̀gán tó kù láyé ni mí, mo ti gba ọta, mo ń kú lọ. Apárí ní òun kò fẹ́ ẹ̀rọ ìkòkò lọ́tẹ̀ yìí, kí n sọ ohun tó bá wù mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń dágbére. Mo ṣubú lórí òkè náà, mo ní:

"Àyìnkẹ́. Àyìnkẹ́ ọmọ mi. Fọlákẹ́ lorúkọ rẹ. Bàbá rẹ kò sí nílé, ṣùgbọ́n ó ń pè ọ́ o. Bí mo bá pè ọ́, kí o máa jẹ́ mi. Àyìnkẹ́."

Àárín ọ̀rọ̀ náà ni mo gbọ́ òórùn. Iná kan tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà ti ta sí mi lẹ́yìn. Rọ́bà, gọ́ọ̀mù, ìyẹ̀fun pákó: kò sí ohun tó ń jó tó yẹn. Bí mo bá dìde, àwòrán bàjẹ́, orúkọ ọmọ mi sì já sí méjì. Mo sọ ọ́ tán. Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo tó dìde, òkè iná tó ń sáré. Ọwọ́ iná náà wọ inú òfuurufú, àwọn ọkọ̀ òfuurufú ń yà fún un. Mo wólẹ̀.

Ni mo bá gbọ́ ọ lára èèpo, kó-kó-kó.

"Ta ló wà níbẹ̀? Ta ló wà níbẹ̀?"

Mo dákẹ́. Ṣebí bó ṣe kọ́ mi nìyẹn?

Ó ń fi ọwọ́ lásán fa èèpo tó ń jó ya, ó ń kígbe, "Ta ló wà níbẹ̀? Dá mi lóhùn, ọmọ burúkú! Dá mi lóhùn!" Ohùn rẹ̀ ti di ti ẹni tó ń sunkún. Ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, gíláàsì kan ti yọ́ mọ́ ọn níwájú orí.

"Èmi ni, sà."

Kò ní kí n tún un wọ̀. Àpá iná náà wà lẹ́yìn ọrùn mi.

Bí eré bá parí, wọ́n máa ń to orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọn ṣiṣẹ́. Orúkọ ẹni tó ń po tíì wà níbẹ̀, ẹni tí kò gbé tíì mi wá rí. Tèmi kò sí. Wọ́n ní kò sí ẹnì kankan nínú Ọ̀gán. Nígbà tó yá, wọ́n pa eré náà rẹ́ kúrò lórí téèpù kí wọ́n lè fi ya nǹkan mìíràn. Wọ́n ya bọ́ọ̀lù lé mi lórí.

Mo ṣe iṣẹ́ náà títí rọ́bà fi di fóòmù, tí fóòmù di ike, tí wọ́n fi wáyà iná sínú abàmì tó ń ṣẹ́jú fúnra rẹ̀. Ọwọ́ Ọ̀gá Gíláàsì ń gbọ̀n kó tó kú, síbẹ̀ kò yé fa ti ẹlòmíràn ya. Mo padà sílé, mo ṣe abàmì fún àwọn onítíátà ní Ìbàdàn, ọmọdé sá, àgbà náà sá. Lẹ́yìn náà ni Fọlákẹ́ mú mi wá sí Atlanta, mo sì ń ṣọ́ géètì ní Norcross, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Mo rí ọkùnrin kan níbẹ̀ tó wọ aṣọ tó fún mọ́ ọn lára, wọ́n fi àmì tó-tó-tó sí i, ó ń rá pálá níwájú aṣọ àwọ̀ ewé.

Mo ní, "Abàmì náà dà?"

Ó ní, "Inú kọ̀ǹpútà ló wà, sir."

Mo ní, "Ìwọ wá ńkọ́, ibo lo wà?"

Ó ní òun kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Tómi, ọmọ Fọlákẹ́, ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn ní college. N kò bá a jà. Mo kàn bi í pé bí ooru kò bá mú un, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òun wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èmi àti Fọlákẹ́ dójú ẹ̀ ní Sunday kan tí mo jẹ́rìí níwájú ìjọ pé Ọlọ́run yọ mí nínú iná nígbà tí mo jẹ́ Ọ̀gán. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ̀ ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Arábìnrin kan pe Fọlákẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá tòun náà nìyẹn. Bí a ṣe délé, Fọlákẹ́ jókòó kọjú sí mi; iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe, ojú nọ́ọ̀sì náà ló fi ń wò mí.

"Daddy, ta ló pè mí lórí TV?"

"Èmi ni."

"Lọ́jọ́ ìkómọ mi?"

"Lọ́jọ́ ìkómọ rẹ."

"Látinú òkìtì ọ̀gán. Tó ń jó."

"O ti mọ ìtàn náà dáadáa."

Ó na ọwọ́. "Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ wá, Daddy. Dókítà máa rí yín ní Monday tó gbẹ̀yìn oṣù yìí. Bó bá ní kò sí nǹkan, màá dá a padà. Bó bá ní nǹkan wà, ẹ̀ ń lọ sí Austell."

Mo ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. N kò fi lé e lọ́wọ́.

Tómi ló wá sọ pé àwọn kan wà tó ṣì fẹ́ràn eré náà, pé wọ́n ń pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní downtown. Ó fi mọ́tò gbé mi lọ. Òyìnbó oníkùn ńlá kan wà níbẹ̀ tó fi páálí ṣe Ọ̀gán wọ̀. Ó rí mi, ó na apá. Ọ̀gán kì í na apá, ṣùgbọ́n mo gbójú fò ó.

"A-PA-RI! GBE-TI-MI-WA!"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, "Ó kù díẹ̀. Apárí, gbé tíì mi wá."

Ó mi orí. "No, sir. Ẹ ò sọ ọ́ dáadáa." Ó ní ṣe ni mò ń kọrin sí i, pé Ọ̀gán kì í kọrin. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ayé gbogbo wólẹ̀ fún ìràwọ̀ ìyá Ọ̀gán.

Mo ní, "Tíì ló ń béèrè."

Ó rọra fi ọwọ́ gbá mi léjìká, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbá àwọn arúgbó ní Austell. Tómi ti di ògiri mú, ẹ̀rín ń pa á. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò burú. Òun ló sọ fún Tómi pé wọ́n ti rí apá tó gbẹ̀yìn, ikú Ọ̀gán, tí gbogbo ayé rò pé ó ti parẹ́. Ó wà ní ìsàlẹ̀ ilé kan ní òkè òkun, ẹnikẹ́ni sì ti lè wò ó báyìí.

Ọ̀sán Sátidé ni, ó ku ọjọ́ méjì kí n rí dókítà. Fọlákẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti shift dé, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ń dín dòdò ní kíṣìnnì.

Tómi ké sí i: "Mummy, ẹ wá wo Grandpa!"

"Mi ò ní time fún Ọ̀gán!"

Mo jókòó sórí àga mi, mo ń jẹ ẹ̀pà. Òkè náà yọ lórí TV, èéfín ń rú. Ọ̀gán ṣubú, jẹ́jẹ́, láìju apá. Inú mi dùn sí ìṣubú náà. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá ti inú rẹ̀ jáde.

"Àyìnkẹ́."

"Sà!"

Láti kíṣìnnì ni. Fọlákẹ́ ti sáré yọ, ṣíbí ìdíndòdò lọ́wọ́, epo ń kán sórí rọ́ọ̀gì. Láti ìgbà tí màmá rẹ̀ ti lọ, kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Amẹ́ríkà tó ń pè é bẹ́ẹ̀ àfi èmi.

"Daddy, ẹ pè mí?"

Ẹ̀pà kún ẹnu mi, n kò lè sọ̀rọ̀. Mo fi ìka hàn án.

"Àyìnkẹ́ ọmọ mi. Fọlákẹ́ lorúkọ rẹ."

Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. N kò rò pé ó mọ̀ pé òun kúnlẹ̀. Iná ti ràn lẹ́yìn Ọ̀gán, a rí i, funfun báláú.

"Bàbá rẹ kò sí nílé, ṣùgbọ́n ó ń pè ọ́ o."

"Daddy, iná!" Ó ń fi ṣíbí nà sí TV. "Daddy, ẹ dìde! Ẹ sá!"

"Bí mo bá pè ọ́, kí o máa jẹ́ mi. Àyìnkẹ́."

Òkè iná dìde, ó sáré, àwòrán já. Dòdò ti ń jóná ní kíṣìnnì, kò sẹ́ni tó lọ wò ó. Ọmọ mi yí sí mi. Ó wo ọrùn mi.

"Ẹ ò sá," ó ní.

Mo gbé ẹ̀pà mì. "Orúkọ rẹ kò tíì parí."

Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ kó tó dìde. Ó lọ sínú báàgì rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi jáde, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Kò gbé e sórí tábìlì.

"Dókítà ńkọ́?" ni mo wí.

"Màá pè wọ́n pé ẹ ò wá mọ́." Ó nu imú. "Ṣùgbọ́n Daddy, ẹ ò gbọ́dọ̀ gun highway o. Mo ń bẹ̀ yín."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tó bá wù yín ni kí ẹ yàn, nọ́ọ̀sì tàbí kọ̀ǹpútà tàbí ilé títà. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, ẹ ṣáà ṣe é títí dé ìparí, kí ẹ sì sọ orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ràn síbẹ̀. Èmi ni mo wà nínú Ọ̀gán. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá bá mi ní Snellville, màá fi mọ́tò wá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ náà, bí Fọlákẹ́ ṣe fẹ́ padà lọ nu kíṣìnnì, mo fi ẹ̀yìn ti àga, mo di ojú, mo sì fi ohùn inú ìkòkò sọ ọ́:

"Apárí! Gbé tíì mi wá!"

Irun kún orí ọmọ mi dáadáa. Síbẹ̀ ó gbé tíì náà wá.